“Upset”: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ó Ń Da Inú Rú

Ẹ wo ìyá arúgbó kan tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Kò ì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó dé tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, tí orí ń fọ́ ọ, tí kò sì rí oorun sùn mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ-ọmọ màmá, ọmọ ọdún 14 tí a bí sí òkè Ọya, ni ó ń ṣe ògbufọ̀. Nígbà tí dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ń ru, ó béèrè pé, “Has anything upset her?”

Ọmọ náà yíjú sí ìyá àgbà, ó ní: “Màmá, wọ́n ní ṣé ẹ jẹ ohun kan tí ó dà yín nínú rú ni?”

Màmá ní òun kò jẹ ju ẹ̀kọ àti àkàrà lọ. Ọmọ bá dá dókítà lóhùn pé, “No, sir.” Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni dókítà ń béèrè. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá nǹkan kan ba ìyá náà nínú jẹ́. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe béèrè rẹ̀ ni, ẹkún ni ìyá ì bá bú sí, nítorí ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ìròyìn ti kàn án pé wọ́n ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

A kò lè pe ọmọ náà ní òmùgọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa lo “upset” fún ikùn tí kò gba oúnjẹ, a sì máa lò ó fún ọkàn tí kò balẹ̀. Àwa náà, inú kan ṣoṣo ni a fi ń sọ méjèèjì: inú ń run ni, inú ń bí ni, inú bàjẹ́, inú rú. Ṣùgbọ́n Yorùbá a máa fi ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé inú la ọ̀nà fún olùgbọ́. Gẹ̀ẹ́sì di gbogbo rẹ̀ ru “upset”, ó ní kí olùgbọ́ fi òye gbé e. Bí wọn kò bá ti dárúkọ ikùn, tí ó jẹ́ pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ó “upset”, ọ̀rọ̀ ọkàn ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé ibẹ̀ jìn. “Up” àti “set” ni a so pọ̀, nígbà tí ó sì kọ́kọ́ jáde ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, ohun tí ó túmọ̀ sí ni kí a gbé nǹkan nàró. Títí di òní, àwọn tí ń ta ọjà ní gbàǹjo ṣì lè pe iye owó tí wọ́n fi ṣí ọjà ní “upset price”, kò sì sí ìbínú kankan nínú ìyẹn. Ìgbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ tí ń gbé nǹkan dìde ti di èyí tí ń dojú ọkọ̀ ojú omi dé. Kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé e láti orí omi wọ inú ọkàn ènìyàn.

Ibẹ̀ náà ni ó fìdí kalẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Akọ̀wé tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ pé “I am upset”, kí ó má tíì sáré dọ̀bálẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìbínú ni, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ni ó dun ọ̀gá náà láti ilé. Ìbànújẹ́, ìjákulẹ̀ àti ìbínú ni ó ń lú pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò wúwo tó láti fi kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí opó pé òun mọ̀ pé ó “upset”, àfi bí ẹni pé bírò ni ó sọnù lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ohùn rẹ̀ náà ń yí padà, etí Yorùbá sì yẹ kí ó tètè gbọ́ èyí, àwa tí a mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ìparí ni ohùn ti máa ń ròkè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni àwọn eléré ìdárayá ń lò nígbà tí ẹni tí a kò kà sí bá na alágbára. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1919, ní Saratoga ní ìpínlẹ̀ New York, ẹṣin kan tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Upset borí Man o’ War. Nínú eré 21 tí Man o’ War sá ní ayé rẹ̀, ìyẹn nìkan ni ó pàdánù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ara ẹṣin yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n àwọn oníwèé ìròyìn ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹṣin náà. Nígbà tí Nàìjíríà sì fi àmì ayò 4 sí 3 na Brazil nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ti Atlanta ní ọdún 1996, “upset” tí ó dùn mọ́ni ni.

Mọ́tò tí ó dojú dé ní títì kì í sábà jẹ́ “upset” mọ́, “overturn” ni. Àwọn oníwèé ìròyìn wa fẹ́ràn “somersault”, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá kò ní ṣàì rántí pé mọ́tò gbókìtì ni a ń sọ nílé.

“Overturn” yìí kan náà ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn máa ń lò nígbà tí ó bá fagi lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré. Bí kò bá sì fẹ́ fagi lé e, a máa ní òun kò ní “disturb” ohun tí adájọ́ àkọ́kọ́ rí nínú ẹ̀rí. Àwọn adájọ́ àgbà kì í fẹ́ fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi bí ó bá lòdì pátápátá sí ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀, nítorí adájọ́ àkọ́kọ́ ni ó fojú ara rẹ̀ rí àwọn ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kí ni oníṣòwò tí ó ń bá ẹlòmíràn du ìsọ̀ kan ní Kánò mọ̀ nípa ìyẹn? Ó ti jẹ̀bi nígbà àkọ́kọ́, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, “disturb” tí òun sì mọ̀ ni kí a yọ ènìyàn lẹ́nu. Ó gbọ́ tí adájọ́ ní ilé ẹjọ́ kò ní “disturb”. Ó dìde, ó gẹ fìlà rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ará tí ó bá a wá pé kí wọ́n bá òun yọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní yọ òun lẹ́nu lórí ìsọ̀ náà mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni lọ́yà rẹ̀ ti fà á lápá, tí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tí adájọ́ wí fún un.