Gáàsì Éésì Ọkọ̀ Kì í Ṣàdédé Tán: Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Amúlétutù Nínú Ọkọ̀ Tí Ó Ti Pẹ́

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá mú ganrínganrín, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá ènìyàn dúró sójú kan, ẹni tí éésì ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí a ń lò ni ó jẹ́ tòkunbọ̀ tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Bí éésì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá tutù mọ́, a sábà máa ń sọ pé gáàsì ti tán, a ó sì ní kí oníṣẹ́ rọ òmíràn sí i. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ooru yóò tún padà, owó mìíràn yóò sì tún jáde lápò.

Ó yẹ kí gbogbo ará ìlú mọ̀ pé gáàsì éésì kò dà bí epo bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Inú páìpù tí a dí pa ni ó ń yí po. Compressor, tí fáànbẹ́ẹ̀tì ń yí, ni ó ń fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná. Yóò kọjá sínú condenser tí ó wà níwájú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn yóò ti gba ooru ara rẹ̀, tí yóò sì di olómi. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ojú ihò tóóró kan lọ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni yóò ti tutù nini, tí yóò sì fa ooru kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ sí wa lára. Gáàsì kan náà ni yóò tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, bí gáàsì bá dín kù láàárín oṣù díẹ̀, jíjò ni ó ń jò. Nínú ọkọ̀ tí ó ti pẹ́, òrùka rọ́bà tí ó wà ní oríkèé páìpù máa ń le, òkúta ojú ọ̀nà sì lè lu condenser. Ẹni tí ó bá ń rọ gáàsì sínú ẹ̀rọ tí ó ń jò, inú ajádìí agbọ̀n ni ó ń pọnmi sí. Òróró tí ó ń mú compressor yọ̀ a máa bá gáàsì rìn. Bí ó bá dín kù, compressor yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Iye tí a ó fi ra òmíràn sì ju iye òrùka rọ́bà lọ jìnnà.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ éésì, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ wá ojú jíjò, kí ó tún un ṣe, kí ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, kí ó tó wá rọ gáàsì ní ìwọ̀n tí a kọ sára àlẹ̀mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo irú gáàsì tí a kọ síbẹ̀ pẹ̀lú. R-12 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe ṣáájú ọdún 1990 ń lò. Ó ń ba ìpele ózóònù jẹ́, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 sì ni ó fòpin sí ṣíṣe rẹ̀. R-134a ni ó rọ́pò rẹ̀. Kò ba ózóònù jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá kún ooru ayé, nítorí náà kò yẹ kí a tú u dànù sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da oríṣi méjì pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí a rọ gáàsì ìdáná sí i, nítorí iná.

Ohun tí ẹ lè fúnra yín ṣe nìyí:

• Ẹ tan éésì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kódà nígbà òjò àti ọyẹ́, kí òróró lè dé ara àwọn rọ́bà.

• Ẹ fi omi tí kò le fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára condenser.

• Ẹ pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ bí ó bá ti dí.

• Bí ọkọ̀ bá ti dúró nínú oòrùn, ẹ ṣí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ kí ooru jáde.

Omi tí ó ń kán sábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí éésì ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àmì àìsàn.

Ní ìparí, ẹ má ṣe sùn sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí atẹ́gùn éésì. Páìpù èéfín ọkọ̀ tí ó ti gbó lè ti lu. Carbon monoxide inú èéfín náà kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn. Ìtura tí a ń wá kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí wa.