Stella Thomas àti Ọ̀ràn Àwọ̀ Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń mú orí-ọ̀rọ̀ wá fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn, oríkì ìdílé, orin ìbílẹ̀ àti ọdún òrìṣà ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó wá. A kò sọ pé èyí kò dára. Ohun tí ó ń yà wá lẹ́nu ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú pé ìgbé ayé òun gan-an, yàrá tí òun háyà, ẹni tí ó gba òun sílé àti ẹni tí ó lé òun, lè jẹ́ ohun tí à ń ṣe ìwádìí lé lórí. Michelle Robinson, agbẹjọ́rò tí ó di ìyàwó Ààrẹ Barack Obama, ṣe irú rẹ̀ ní Yunifásítì Princeton ní ọdún 1985. Ó wádìí àjọṣe àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kàwé jáde níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn àti pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun. Ìwé ìbéèrè 400 ni ó fi ránṣẹ́. Èyí tí ó padà wá kò pé 90. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan láti Èkó, amòfin bíi tirẹ̀, ti bá ọ̀ràn yìí kan náà pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan. “Ẹlẹ́yàmẹ̀yà” ni a sábà máa ń lò fún irú ìwà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù, nítorí Yorùbá lè ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí ó ti wá yàrá háyà rí mọ ìbéèrè náà, “Ọmọ ìlú wo ni ọ́?” Ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara ni èyí tí à ń sọ níhìn-ín.

Ìlú Èkó ni a ti bí Stella Jane Thomas ní ọdún 1906. Bàbá rẹ̀, Peter J. C. Thomas, oníṣòwò ńlá, wá láti Sierra Leone. Freetown ni ọmọ náà sì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Annie Walsh. Kí orúkọ Thomas má tàn wá jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàró jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú ní ilẹ̀ yìí, tí a dá sílẹ̀ ní Freetown, tí wọ́n sì gba orúkọ Òyìnbó níbi ìrìbọmi, gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ti di Samuel Crowther. Adéníyì wà lára orúkọ Peter, àbúrò Stella, ẹni tí ó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, tí ó sì kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1945.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ́ òfin ni ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ń lé kiri? Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka ìṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1902, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ dókítà adúláwọ̀. Agbẹjọ́rò ní tirẹ̀ lè dá dúró kí ó má retí ipò lọ́wọ́ ìjọba. Fún obìnrin, ilẹ̀kùn kejì tún wà: ọdún 1919 ni òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí obìnrin ṣe agbẹjọ́rò. Ní 1933, Middle Temple gba Stella Thomas sínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó dé ibẹ̀.

Òfin kankan kò sọ pé kí a má fún adúláwọ̀ ní yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí gan-an ni ó mú kí ọ̀ràn náà ṣòroó mú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ìpolówó yàrá nínú ìwé ìròyìn, yóò kọ lẹ́tà, a ó sì ní kí ó máa bọ̀. Lẹ́tà tí a fọwọ́ sí ní “Thomas” kò lè sọ àwọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìgbà tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ni yóò gbọ́ pé ẹlòmíràn ti gba yàrá náà. Ẹjọ́ wo ni amòfin fẹ́ pè níbẹ̀? Ohun tí ó kù fún wọn ni kí wọ́n kó ẹ̀rí jọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ síta.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ òfin, dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀. Ó rìnrìn àjò káàkiri ilẹ̀ wa láti 1929 sí 1932 láti tọrọ owó ilé ibùgbé, ilé náà sì ṣí ní Camden ní 1933. Nígbà tí ìjọba ṣí tirẹ̀, Aggrey House, ní 1934, WASU fi apá jánú: wọ́n ní ìjọba fẹ́ máa ṣọ́ àwọn ni, ó sì fẹ́ kó adúláwọ̀ sọ́tọ̀.

Stella bá WASU ṣe, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá League of Coloured Peoples sílẹ̀ ní 1931 pẹ̀lú Harold Moody, dókítà ọmọ Jàmáíkà. The Keys ni orúkọ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast, ni wọ́n fà yọ: bọ́tìnnì dúdú àti funfun ni a jọ ń tẹ̀ kí orin dùrù tó dùn. Ọ̀rọ̀ tútù ni, ó sì tutù jù lójú àwọn ará WASU, pàápàá nígbà tí Moody gbè lẹ́yìn Aggrey House. Ní tiwa, a rò pé WASU ni ó rí òkodoro ọ̀rọ̀ náà; ṣùgbọ́n a kò lè gbàgbé pé inú The Keys ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ìyàsọ́tọ̀ ìgbà náà wà títí dòní.

Ní 1934, Margery Perham sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù nípa bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ti ẹ̀yìn ọba ṣèjọba. Lugard, ẹni tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ ní Nàìjíríà, wà ní ìjókòó. Stella Thomas dìde, ó sì ta ko ètò náà lójú rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lè mọ bí èyí ti wúwo tó, kí ó rántí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ní 1916 nítorí kóòtù tí ètò yìí gbé wá, àti bí Lugard ti kórìíra ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tó.

Ó padà sí Èkó ní 1935, ó ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ní 1943, ó di adájọ́ kóòtù májísíréètì, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ amòfin ọmọ Sierra Leone, Richard Bright Marke, ó sì ṣe iṣẹ́ adájọ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Ó kú ní 1974.

Ọdún kẹrin tí ó gun orí àga ìdájọ́ ni ọ̀ràn yàrá Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ní 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, tí ó sì ti ṣe alábòójútó Aggrey House rí, wá sí Nàìjíríà. A ti gba yàrá fún un ní Bristol Hotel, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé wọn. Nígbà tí ó dé, tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí àyè. Ariwo ta ní Èkó, àwọn olóṣèlú àti oníwèé ìròyìn dìde, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta ọdún náà, Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ dá ẹnikẹ́ni padà mọ́ ní ilé ìtura àti ilé ìwòsàn.