Abẹ́rẹ́ Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí gún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́, Òndó àti Èkìtì tẹ̀lé wọn ní 2024.

Ohun tí àwọn ìyá kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: “Ṣé wọn ò fẹ́ kí ọmọ wa bímọ mọ́ ni?” Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ló dá oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní Kano ní 2003, àwọn ọmọdé ló sì jìyà rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ náà kì í sọni di àgàn. Kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, àrùn yìí gan-an ló sì ń mú kí dókítà gé ilé ọmọ ẹlòmíràn kúrò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ kékeré? Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń bá wọlé, abẹ́rẹ́ kò sì lè lé èyí tó ti wọlé jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ sì ni. (Ọ̀fẹ́ yìí náà ń fu àwọn kan lára!) Apá lè dun ọmọ, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ọmọ kò dáàbò bo ìyá. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ tiyín.