Igbó Nínú Ilé: Ohun tí Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Mọ̀

Ìbéèrè kan ń wá léraléra láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, pàápàá àwọn tó wà lókè òkun: "Prof, wọ́n ti ní ká máa gbin igbó sínú ilé níbí o. Báwo ni tilé?"

Ìdáhùn mi kò gùn: ní Nàìjíríà, ẹ má dán an wò. Ṣùgbọ́n "má ṣe é" nìkan kì í yé èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n gba ibi tí iṣẹ́ mi kọ́ mi láti gbà, ìyẹn ọ̀nà ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, igbó ni ibi tí igi ti pọ̀, tí ẹranko ń gbé. Lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Àkò, ugbó la ń pè é, bí a ti ń pe ilé ní ulé. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí ọmọ ìlú wa kan sọ pé ẹnì kan ń mu ugbó. Igbó ni gbogbo wọn ń pe ewé yìí, bí ará ìlú ńlá ṣe ń pè é. Ìyẹn jẹ́ kí n gbà pé láti ìta ni orúkọ náà ti wọlé tọ̀ wá. Ewé náà pàápàá kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Éṣíà ni orírun rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sì ń sọ ni pé àwọn ọmọ ogun wa tó jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà lára àwọn tó mú un wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ló dé tí a fi pè é ní igbó? Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu jù lójú tèmi ni pé inú igbó ni wọ́n ń gbìn ín pamọ́ sí. Ibi tí nǹkan wà ló di orúkọ nǹkan. Ohun tí wọ́n sì ń fi pamọ́ fún kò ju òfin lọ.

Òfin ọ̀hún le láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1966, ìjọba ológun pàṣẹ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbin igbó lè gba ìdájọ́ ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 21. Wọ́n yọ ìdájọ́ ikú kúrò ní 1975. Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989 ló wá wà lórí wa báyìí. Abala 11 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gbin kokéènì, LSD, hẹroínì tàbí oògùn mìíràn tó jọ wọ́n láìgbàṣẹ, tàbí tó kó wọn wọ̀lú, ẹ̀wọ̀n gbére ló tọ́ sí i. Ẹ ò ní bá igbó nínú orúkọ tí abala yẹn kà sílẹ̀. Amugbó kan lè wá rò pé òun ti rí ihò sá lọ. Ó tì o! Ilé ẹjọ́ ti gbà pé igbó wà lára "oògùn mìíràn tó jọ wọ́n".

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, gbìn. Kò sí iye kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà bí nǹkan bá pọ̀. "Ó gbin àgbàdo" lè jẹ́ ìdí kan lẹ́yìn kíṣìnì, ó sì lè jẹ́ éékà mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin yìí ṣe rí. Ìdí kan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbìn sínú ike ọ̀dà lẹ́yìn ilé tó háyà ní Ìkọ̀lé, àti oko ńlá nínú igbó ọba, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló kó àwọn méjèèjì. "Kékeré ni mo gbìn" lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ níwájú adájọ́, kì í ṣe àwíjàre.

Òfin àwọn ibi tí wọ́n ti gbà á ńkọ́? Iye ló kún inú rẹ̀. Ní Kánádà, láti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2018, ìdí 4 ni fún ilé kan. Ilé ni wọ́n kà, wọn ò ka orí, nítorí náà tọkọtaya tó bá gbin 8 ti rúfin. Québec ò tiẹ̀ gbà á rárá, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà sì ti tì wọ́n lẹ́yìn ní 2023. Ní Jámánì, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024, ìdí 3 ni, ṣùgbọ́n orí ni wọ́n kà níbẹ̀: àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọdún 18 ló ní tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé ẹjọ́ ló là á ní 2018 pé àgbàlagbà lè gbin èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa lò níkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ má tan ara yín: gbígbìn ín láìgbàṣẹ lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 14.

Àwọn kan á ní Gómìnà Akeredolu ti Oǹdó lọ sí Thailand ní 2019, tòun ti ọ̀gá NDLEA, nítorí igbó tí wọ́n ń fi ṣe oògùn ìwòsàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kì í yí òfin padà, abala 11 ṣì wà níbi tó wà.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni oko. Ìwádìí ọdún 2018 tí àjọ UNODC àti àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló lo igbó ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Ẹnì kan ló ń gbin ohun tí wọ́n ń mu. Ilẹ̀ ò wọ́n lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ló wọ́n. Bí àlejò bá wá háyà ilẹ̀ ní Òkè-Àkò, tí owó tó fẹ́ san ju ohun tí ẹ̀gẹ́ lè pa lọ, tí kò sì fẹ́ kẹ́ ẹ yọjú sóko, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ gbìn. Ọmọ tó lọ fi ọkọ́ gba owó ojúmọ́ níbẹ̀, òun náà ti gbìn nìyẹn lójú òfin. Òun sì ni wọ́n máa bá lóko. Olówó ti wà nílùú ńlá.

Ẹni tí mímu rẹ̀ ti wọ̀ lára, àìsàn ni kẹ́ ẹ fi ṣe, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà. Wọ́n ń tọ́jú irú wọn ní Aró, Abẹ́òkúta. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí lẹ́yìn tó mu ún, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má fi òfin ibi tẹ́ ẹ wà gba àbúrò yín nílé nímọ̀ràn, ẹ má sì fi irúgbìn rẹ̀ há àárín aṣọ ránṣẹ́ sí i. Ìdí mẹ́ta tí ẹ lè fi ṣeré lójú fèrèsé ní Berlin, irúgbìn rẹ̀ lè sọ ọmọ ìyá yín sẹ́wọ̀n gbére níhìn-ín. Ó dìgbà kan ná.