Omi Tó Kọ́ Ìlú, Ìlú Tó Gbẹ́ Omi: Oúnjẹ Alẹ́ Lórí Ọkọ̀ ní Dùbáì

Àlejò kì í pẹ́ ní Dùbáì kí ó tó gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì: Creek ni àbí Màrínà? Ọjà kan náà ni wọ́n ń tà. Ọkọ̀ onígi gbọọrọ alájà méjì ni, iná wẹ́wẹ́ bò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, oúnjẹ alẹ́ wà nínú rẹ̀, èèyàn á sì lo bíi wákàtí méjì lórí omi. Owó ti Creek ló sábà máa ń kéré jù. Àwọn tí mo mọ̀ tó ti lọ, Màrínà ni ọ̀pọ̀ wọn yàn, nítorí pé fọ́tò ibẹ̀ ń dán. Creek ni èmi ń rọ̀ wọ́n láti yàn, ohun tó sì fà á wà nínú bí omi méjèèjì ṣe dé ibi tí wọ́n wà.

Kí ọmọ Èkó má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn án jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, Màrínà ni Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, etí omi àtijọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ọ́fíìsì wọn sí. Ní Dùbáì, àdúgbò tuntun ló ń jẹ́ Màrínà. Ẹ̀bá Creek ni ìlú àtijọ́ wà.

Khor ni àwọn Lárúbáwá ń pe Creek. Òkun ló na apá wọ inú ilẹ̀, omi iyọ̀ ni, ó sì wọnú aṣálẹ̀ lọ títí dé Ras Al Khor, níbi tí àwọn ẹyẹ flamingo ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ ti ń ṣa oúnjẹ nínú ẹrẹ̀. Deira wà ní bèbè kan, Bur Dubai wà ní ìkejì. Ní 1833 ni àwọn kan nínú ẹ̀yà Bani Yas kó kúrò ní Abu Dhabi wá tẹ̀dó sí ẹnu omi yìí. Maktoum bin Butti wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, ìdílé rẹ̀ ló sì ń jọba níbẹ̀ títí dòní. Péálì ni wọ́n ń wá nísàlẹ̀ òkun láti fi jẹun. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànì mọ bí a ṣe ń sin péálì, tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé sì tún dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, òwò náà fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Omi nìkan ló kù fún wọn, iyanrìn sì ń dí omi náà. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń dúró sójú agbami, ọkọ̀ kéékèèké ló ń lọ kó ẹrù wọn wá sí etí ilẹ̀. Sheikh Rashid bin Saeed Al Maktoum, tó gorí oyè ní 1958, wá ṣe ohun tí mo kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo nǹkan tí à ń lọ wò ní Dùbáì lónìí: ó yá owó láti wa iyanrìn ìsàlẹ̀ omi náà kúrò, Kùwéètì sì wà lára àwọn tó yá a. Kò tíì sí epo o. Ọdún 1966 ni wọ́n tó rí epo rọ̀bì. Ìlú kékeré tí kò ní kànga epo kan ṣoṣo jẹ gbèsè nítorí omi! Ní 1961, ọkọ̀ tó nílò omi jíjìn ẹsẹ̀ bàtà 7 ti lè wọlé nígbàkúùgbà, yálà òkun kún tàbí ó fà. Wọ́n tún wà á síi lẹ́yìn ìgbà náà, títí tí ọkọ̀ 500 tọ́ọ̀nù fi ń rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ní Sharjah tó múlé gbè wọ́n, iyanrìn dí omi tiwọn, òwò sì ń yí kúrò níbẹ̀ bọ̀ wá sí Dùbáì. Afárá Al Maktoum, afárá àkọ́kọ́ lórí Creek, tẹ̀lé e ní 1963.

Ọkọ̀ tó gbé òwò yẹn ni dáù. Igi tíìkì láti Íńdíà ni wọ́n fi ń kàn án. Àwọn ọ̀gá tó ń kan ọkọ̀ náà kì í ya àwòrán sórí ìwé. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, pákó ara ọkọ̀ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ tò kí wọ́n tó fi egungun inú rẹ̀ sí i. Láàárín 1960 sí 1970, wúrà tó wọ Dùbáì láti Yúróòpù ń bá dáù lọ sí Íńdíà, níbi tí ìjọba ti ká kíkó wúrà wọlé lọ́wọ́ kò. Ibẹ̀ ni òkìkí ọjà wúrà Deira ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Àwọn ìyá wa láti Balógun àti Ìdúmọ̀tà mọ ọjà yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Lẹ́nu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Deira, pẹ̀lú góòlù àti léèsì, kí n tó mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ rárá. Ọjà wọn fara gbá gan-an nígbà tí ọ̀rọ̀ físà le, tí ọkọ̀ òfuurufú Emirates sì dá ìrìnàjò Èkó dúró ní 2022, títí di oṣù Kẹwàá 2024.

Ní 1972, wọ́n ṣí èbúté Port Rashid. Ní 1979, Jebel Ali. Kọ̀ntẹ́nà dé, iṣẹ́ ńlá sì bọ́ lọ́wọ́ dáù. Kò kú o: ẹni tó bá rin etí omi Deira á ṣì rí wọn tí wọ́n so mọ́ ara wọn, fíríìjì, táyà àti àpótí ọjà kún ilẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ń múra àtilọ sí Ìráànì tàbí Sòmálíà. Àmọ́ ìlú ti ń gba àlejò, àlejò sì fẹ́ rí omi lálẹ́. Bí ọkọ̀ ẹrù ṣe di ilé oúnjẹ nìyẹn: ibi ẹrù nísàlẹ̀ di yàrá onígíláàsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, àjà òkè di ibi atẹ́gùn.

Màrínà ńkọ́? Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibi tí omi wà lónìí tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ Emaar ló gbẹ́ ẹ, bíi kìlómítà mẹ́ta ní gígùn, ó já sí òkun. Ọgbọ́n rẹ̀ wá láti Vancouver ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ilé gogoro yí omi kan ká. Ní 2002, ìjọba Dùbáì fún àwọn àjèjì láyè láti ra ilé tí yóò jẹ́ tiwọn pátápátá. Ní 2003, apá àkọ́kọ́ Màrínà parí. Kíá ni ilé àwòṣífìlà hù níbẹ̀. Cayan Tower, tó ga ní mítà 306, lọ́ ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ọkọ̀ oúnjẹ ń gba àárín wọn kọjá, àwọn kan sì ń yọ sójú òkun láti wo Ain Dubai, kẹ̀kẹ́ ńlá tó ga ju mítà 250 lọ. Ó lẹ́wà, mi ò ní parọ́. Ọmọdé á fẹ́ràn rẹ̀ ju Creek lọ, tọkọtaya tuntun náà bẹ́ẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ìyàtọ̀ kò pọ̀. Dàbínù àti kọfí Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kíni káàbọ̀. Ìrẹsì bíríyánì, ẹran sísun àti hummus wà nílẹ̀, kí oníkálùkù bu èyí tó wù ú. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan á jáde wá jó tanoura, á máa pòyì títí yẹ̀rì rẹ̀ oníná á fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí agboòrùn. Ijó Íjíbítì ni, ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Súfì. Ó dùn mí pé ijó onílé kò sí níbẹ̀. Ayyala ni tiwọn: àwọn ọkùnrin á tò ní ìlà méjì kọjú síra wọn, ọ̀pá tín-ín-rín lọ́wọ́, ìlù á máa dún. UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ bà láti 2014. Ọkọ̀ tó bá gbé ayyala sórí omi Creek, èmi á san ju iye tí wọ́n ń gbà lọ.

Torí pé oúnjẹ àti ijó jọra, ohun tó wà lẹ́yìn fèrèsé ni kí èèyàn fi yàn. Ní Creek, ilé tó ní ilé gogoro agbatẹ́gùn tí àwọn oníṣòwò láti Bastak ní Ìráànì kọ́ á kọjá, mọ́sálásí á kọjá, àwọn dáù ẹrù tí iṣẹ́ wọn kò tíì parí á kọjá.

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀, oòrùn máa ń wọ̀ kí ọkọ̀ oúnjẹ tó gbéra. Nítorí náà, kí ẹ ti dé etí omi ṣáájú Mọ̀ǹgàríbì. Ẹ wọ abra, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń sọdá láti Deira sí Bur Dubai. Dírámù kan ni owó rẹ̀. Ẹ ó jókòó sórí pákó, èjìká yín á kan ti ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ yín. Ní àárín omi, ìpè ìrun á gba bèbè méjèèjì, ọkọ̀ kò sì ní dúró.