Àhesọ àti Ẹsẹ̀ Ọmọ Wa

Lónìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa àhesọ àti ìlera ọmọ.

Àrùn kan wà tí à ń pè ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Ó ń ti inú omi àti ọwọ́ tí kò mọ́ wọ ẹnu ọmọ. Nínú nǹkan bí 200 ọmọ tí ó bá kó o, ọ̀kan ni ó ń rọ. Àwọn yòókù ń rìn, wọ́n ń ṣeré, síbẹ̀ wọ́n ń tàn án ká. Ẹsẹ̀ tí ó bá ti rọ kò ní oògùn. Ṣùgbọ́n oògùn àjẹsára tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu ń dènà àrùn náà.

Ní ọdún 2003, àhesọ kan bẹ̀rẹ̀ ní Kano, ní òkè Ọya ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn aṣáájú kan ní oògùn náà ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Dókítà pàápàá wà lára wọn. Ìjọba Kano sì dá àjẹsára dúró. Ọdún ìbò ni ọdún náà, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò sì fọkàn tán ìjọba àpapọ̀.

Ìfura wọn ní ìdí. Ní 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn wò lára nǹkan bí 200 ọmọ tí ń ṣàìsàn ní Kano. Ọmọ 11 kú. Àwọn òbí ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í dúró kí a parí ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Lómé mọ̀ pé ọkọ̀ ń ti Èkó gba Kútọnu wá. Kòkòrò náà kò dúró ní ibodè. Ní 2003 kan náà, ó ti Nàìjíríà dé Benin, Niger, Gánà, Burkina Faso àti Togo. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n dìde láti fún ọmọ mílíọ̀nù 15 ní àjẹsára ní orílẹ̀-èdè márùn-ún wọ̀nyí. Ará Togo kò dá sí ìjà Kano, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ bọ́ sínú ewu.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yanjú? Wọ́n yẹ oògùn wò. Kano gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àjẹsára ní 2004. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn ṣì ń yọjú níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba àjẹsára.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ àhesọ, ẹ bèèrè: Ta ni ó sọ ọ́? Kí ni èrè rẹ̀ níbẹ̀? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ẹ gbé ìbéèrè yín lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ó dáhùn títí yóò fi yé yín. Ìjà àwọn olóṣèlú yóò parí lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ ọmọ tí ó bá ti rọ kò ní padà bọ̀ sípò.