Ta Ni Ó Rán Ọ Wá? Àlàyé lórí Kọ́kọ́rọ́ Méjì tí a fi ń Buwọ́ Lu Ímeèlì

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú èyí: báwo ni ẹni tí a jẹ́ iṣẹ́ fún ṣe máa mọ̀ pé ẹni tí òun rò ni ó rán iṣẹ́ náà? Mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí pé ó ti ná ilé wa ní owó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wa ní ohun tí ó ju owó lọ.

Ìlaròó ni ilé wa. Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣòwò. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ẹnu ààlà orí ilẹ̀ pa. Oṣù Disẹ́ńbà 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ti Ìdíròkò sì dúró di oṣù Épírì 2022. Ní òru ọjọ́ kan láàárín àkókò náà, ímeèlì kan dé sọ́dọ̀ mi lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ẹrù òun há sí ààlà, kí a tètè san owó fún ẹnì kan tí yóò bá òun yọ ọ́. Lẹ́tà náà mọ orúkọ àbísọ mi, ó sì mọ ọjà tí ẹ̀gbọ́n mi ń tà. A pe fóònù wọn títí, kò wọlé. Bàbá wa bi mí pé, “Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ni?” Mo dáhùn pé, “Àwọn ni, Bàbá. Orúkọ wọn ló wà lókè ìwé.” Bàbá kó owó obì tí wọ́n ti ń tọ́jú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni a tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi: wọn kò kọ lẹ́tà kankan.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àìsàn dá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì kọ ímeèlì lóòótọ́ pé kí ilé ran àwọn lọ́wọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Bàbá ní kọ́bọ̀ kò ní í kúrò lọ́wọ́ àwọn àfi bí àwọn bá gbọ́ ohùn. Ọjọ́ méjì ni aláìsàn fi dúró de owó. Orí bá wa ṣe é, ó yè. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbàgbé pé ilé àwọn kọ òtítọ́ àwọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe owó nìkan ni ayédèrú ìwé ń jí lọ. Ó ń ba ojúlówó ìwé jẹ́ pẹ̀lú.

Àrokò àti Ìlàrí

Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Kí a tó mọ ìwé ni a ti ń pàrokò. Bí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó mọ̀ pé fífà ni ẹ̀fà ń sọ: ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí òun. Àlùfáà C. A. Gollmer, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì CMS tí ó gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì ní 1845, ṣe àlàyé irú àrokò bẹ́ẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1885. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó ẹyọ mẹ́fà àti okùn ni ó lè di àrokò náà. Àrokò ń sọ ọ̀rọ̀. Kò lè dá ẹ̀rí jẹ́ pé ẹni báyìí ni ó sọ ọ́.

Ara ìránṣẹ́ ni ẹ̀rí wà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń ṣe àkóso ọ̀nà òwò tí ó gba ilẹ̀ wa lọ sí Bàdágìrì, tí Oníṣàrẹ́ ń ṣojú Aláàfin ní Ìjànnà, ìlàrí ni ọba ń rán níṣẹ́. Apá kan orí ìlàrí ni a máa ń fá, a sì ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí. Ilà orí yìí ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹnikẹ́ni lè wo àmì náà kí ó sì dá a mọ̀, ṣùgbọ́n gbájú-ẹ̀ kò lè yá a lò fún ọjọ́ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àmì tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò, tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn.

Àbùkù Ímeèlì

Ímeèlì ya iṣẹ́ kúrò lára ìránṣẹ́. Ìlànà tí a fi ń gbé e, tí Jonathan Postel kọ sílẹ̀ ní 1982, kò bi olùkọ̀wé léèrè pé ta ni í ṣe. Orúkọ tí ó wà lókè lẹ́tà dà bí èyí tí a kọ sí ẹ̀yìn àpò ìwé: ẹni tí ó bá di bírò mú ni ó ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi oríṣiríṣi àyẹ̀wò kún un, ṣùgbọ́n ilé tí lẹ́tà ti jáde ni àyẹ̀wò wọ̀nyí ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Bí olè bá ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni, inú ilé gan-an ni yóò ti máa kọ̀wé.

Kọ́kọ́rọ́ Méjì

Ní 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman gbé èrò kan jáde ní Amẹ́ríkà: kí ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó bá ara wọn mu, kí ó fi ọ̀kan han gbogbo ayé, kí ó sì fi èkejì pamọ́. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman rí ìṣirò tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Clifford Cocks ti rí irú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ aṣírí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1973, ṣùgbọ́n 1997 ni wọ́n tó jẹ́ kí aráyé gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi nǹkan kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Mú 3 àti 11, nọ́ńbà tí kò sí ohun tí ó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 33. Kọ́kọ́rọ́ gbangba mi ni 33 àti 3. Mo lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ mi ni 7. Mo fẹ́ fi àrokò mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ. Mo kọ 6 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, mo sì sọ wọ́n di púpọ̀: 6 × 6 × 6 × 6 × 6 × 6 × 6 = 279,936. Mo fi 33 pín in, ó ṣẹ́ku 30. Ìbuwọ́lù mi ni 30 yìí. Ìwọ tí ó gba 6 àti 30 yóò lo kọ́kọ́rọ́ gbangba mi: 30 × 30 × 30 = 27,000; fi 33 pín in, ó ṣẹ́ku 6. Ó bára mu! Bí ẹnì kan bá yí 6 padà sí 7 lójú ọ̀nà, ìṣirò rẹ yóò ṣì mú 6 wá, àṣírí rẹ̀ yóò sì tú.

Níbo ni 7 ti wá? Yọ 1 kúrò lára 3 àti lára 11, ó ku 2 àti 10; sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 20. Nọ́ńbà tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 3, tí a fi 20 pín in, tí ó ṣẹ́ku 1, ni 7. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè tú 33 sí 3 àti 11 ti rí kọ́kọ́rọ́ mi. 33 rọrùn láti tú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní nọ́ńbà tí ó gùn tó ẹyọ 617. Ní 2020 ni àwọn onímọ̀ tú èyí tí ó gùn ní ẹyọ 250, iṣẹ́ tí core kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà ì bá fi nǹkan bí ọdún 2,700 ṣe. Kì í sì í ṣe 6 lásán ni kọ̀ǹpútà ń buwọ́ lù: a kọ́kọ́ ṣe àkópọ̀ gbogbo lẹ́tà náà di nọ́ńbà kan. Bí àmì ìdánudúró kan bá yí padà nínú lẹ́tà, nọ́ńbà náà yí padà.

Ẹ má ṣe da nǹkan méjì pọ̀. Ìbuwọ́lù kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ṣì lè ka lẹ́tà náà. Bí o bá fẹ́ bá mi sọ àṣírí, kọ́kọ́rọ́ gbangba mi ni o máa fi ti lẹ́tà pa, èmi nìkan ni yóò sì lè fi ti ìkọ̀kọ̀ ṣí i.

Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀

Phil Zimmermann ni ó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn pẹ̀lú PGP ní 1991. Ní 1999, Werner Koch ará Jámánì gbé GnuPG àkọ́kọ́ tí ó pé jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti 2020, Thunderbird tí a fi ń ka ímeèlì ti ní irinṣẹ́ náà nínú. Ohun tí ènìyàn máa ṣe kò ju márùn-ún lọ:

1. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún ọ. Fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó gùn dáàbò bo ti ìkọ̀kọ̀, má sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láéláé.

2. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, kí o tọ́jú rẹ̀ síbi tí iná àti olè kò ti lè dé.

3. Ṣe ìwé ìfagilé, kí o sì fi pamọ́. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ lọ, ìwé yìí ni o máa fi kéde pé kọ́kọ́rọ́ náà ti kú.

4. Fi kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ.

5. Bá wọn yẹ ìtẹ̀ka kọ́kọ́rọ́ náà wò lójúkojú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fo ìkarùn-ún, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Gbájú-ẹ̀ náà lè ṣe kọ́kọ́rọ́ kí ó sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí i. Ohun tí ìṣirò lè jẹ́rìí sí ni pé kọ́kọ́rọ́ báyìí ni ó buwọ́ lu ìwé. Ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́, ènìyàn ni yóò jẹ́rìí sí ìyẹn. Nítorí náà ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ní ìtẹ̀ka, ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó sábà máa ń jẹ́ ogójì, tí ẹni méjì lè kà sí ara wọn létí.

Ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi wá sílé fún ọdún Orónà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń ka ti wọn, mo ń fi ojú bá a lọ lójú fóònù mi. Mo ka tèmi, àwọn náà ṣe bákan náà. Bàbá wò wá títí, wọ́n ní, “Àbí ẹ̀yin méjèèjì ti di babaláwo ni?” A rẹ́rìn-ín, a sì ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, “Ó yé mi. Ẹ ń sín gbẹ́rẹ́ fún ìránṣẹ́ yín.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wa, ìmọ̀ràn mi kò gùn. A ń pàdé ní kíláàsì àti ní ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà yìí tí ojú ṣì ń rí ojú ni ó yẹ kí a yẹ ìtẹ̀ka ara wa wò, kí a tó fọ́n ká. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa buwọ́ lu gbogbo ìkéde, pàápàá èyí tí ó bá dá lórí owó. Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 náà gbà pé ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ lè dúró bí ìbuwọ́lù. Ní ayé tí ẹ̀rọ ti ń sín ohùn ènìyàn jẹ báyìí, gbígbọ́ ohùn lórí fóònù kò tó ẹ̀rí mọ́.

Ní ilé wa ní Ìlaròó, bí lẹ́tà bá dé láti Àjàṣẹ́, Bàbá kì í béèrè orúkọ tí ó wà lókè rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, “Ṣé ó ní gbẹ́rẹ́ lórí?” Bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní kí n kà á sí àwọn létí.